Màmúdù Tó Ń Tọ́ Gbohùngbohùn Wò

Ẹ̀gbọ́n mi ni Màmúdù. Ìyá kan náà, bàbá kan náà. Àwa méjì péré ló kù nínú ilé wa ní Bẹ́yẹrúnká. Ní báyìí, ó ku èmi nìkan.

Mi ò kàwé púpọ̀. Bàtà ni mo ń tún ṣe lábẹ́ afárá Mólété. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń bi mí pé irú èèyàn wo tiẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá sì la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kì í jáde tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Ládàánì ni. Òun ló ń pèrun ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn agboolé wa. Fìlà ló ń rán. Bí àkókò ìrun bá tó, á fi abẹ́rẹ́ gún fìlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí, á dìde, á ṣe àlùwàlá, á lọ. Mọ́sáláṣí náà kò ní ẹ̀rọ kankan nígbà náà. Ẹnu rẹ̀ lásán ni. Ó ń kọjú sí gábàsì bíi gbogbo ládàánì, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí yóò dúró sí, kí ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà níwájú lè bá a gbé ohùn náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé kí ló dé tí kì í bọ́ sí gbangba. Ó ní, "Ta ni yóò bá mi gbé e ní gbangba?"

Ó fẹ́yàwó lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ, kò bímọ. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé ọkọ òun ń gbọ́ ti ògiri ju bó ṣe ń gbọ́ ti òun lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmúdù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́.

Nígbà tí ìyá wa kú, tí wọ́n kó àpótí rẹ̀ àti àwọn ẹní rẹ̀ jáde, Màmúdù dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Àkíbù, ilé ti fẹ̀." Mi ò tíì dàgbà tó láti mọ ohun tó ń sọ.

Nǹkan bí ọdún 1997 ni Gabriel dé. Ọmọ Òkè Padre ni, ó máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó gba yàrá méjì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí wa, ó gbé kọ̀ǹpútà síbẹ̀, ó ń gba orin àwọn olórin sílẹ̀. Àwọn obìnrin àsàlátù àdúgbò wa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba tiwọn. Àlàájà Kúlúsúmù, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà'ba, ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí Gabriel ṣe, wọn ò fẹ́ ẹ. Àlàájà bá sọ̀ kalẹ̀ wá ké sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Màmúdù, dìde. Wá bá wa gbọ́ nǹkan tí ọmọ onígbàgbọ́ yìí fi ohùn wa ṣe."

Mo tẹ̀ lé wọn gòkè. Gabriel ń làágùn.

Àlàájà ní, "Inú kòtò lo kó wa sí."

Gabriel ní, "Ìyá, ẹ́kò ni. Òun ló ń jẹ́ kí ohùn dùn."

"Bó bá dùn, kí ló dé tí mò ń dún bí ìyàwó tó já sí kànga, tó ń pe ọkọ rẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Gabriel náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Ẹ́kò tó ń sọ yìí, gbohùngbohùn ni. Yàrá tó fi ń gba orin sílẹ̀, tìmùtìmù àtijọ́ ló fi bo gbogbo ògiri rẹ̀. Ohùn tó o bá sọ níbẹ̀, iwájú ẹnu rẹ ló ń kú sí. Kọ̀ǹpútà yẹn ló wá ń wá ilé fún un. Yàrá kékeré wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wà nínú rẹ̀. Gabriel á tẹ ọ̀kan, orin náà á sì máa dún bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó dijú. Ó ní, "Tún un lù." Gabriel tún un lù. "Dá a dúró ní ibi tí wọ́n ti pa ẹnu dé. Jẹ́ kí n gbọ́ ìrù rẹ̀."

"Ìrù kẹ̀?"

"Ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹnu ti pa dé."

Ó gbọ́ ọ. Ó mi orí. "Ohùn gidi, bó bá ń lọ, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ìró tó dún bíi 'sì' ló ń kọ́kọ́ kú, ògiri amọ̀ ti gbé e mì. Àwọn ìró tó wúwo ló ń kẹ́yìn. Nínú èyí, gbogbo wọn ló kú pa pọ̀, àfi bí ẹni pé mọ́tò ló pa wọ́n."

Gabriel yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí i. "Kí ló tún kù?"

"Èèyàn mélòó ló wà nínú ilé yẹn?"

"Ilé wo? Kò sílé níbẹ̀, bọ̀dá. Ìṣirò ni."

"Mo mọ̀. Èèyàn mélòó? Èèyàn máa ń jẹ ohùn. Aṣọ ọrùn wọn ń jẹ ẹ́, ara wọn ń jẹ ẹ́. Kò sẹ́nì kankan nínú èyí. Inú ilé ahoro ni Àlàájà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń kọrin."

Àlàájà fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Màmúdù, o ti kó ẹ̀rù bà wá. Gabriel, jọ̀ọ́, kó èèyàn sí i."

Gabriel tẹ nǹkan, ó dín in kù, ó tún tẹ òmíràn. Wọ́n wà níbẹ̀ títí ìrun Àlàsárì fi tó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi dìde, ohùn àwọn obìnrin náà ti ń dún bí ẹni pé wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, tí ẹní wà nílẹ̀, tí ọmọ wà lẹ́yìn wọn.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì tí Gabriel ń ṣe tí kì í pe Màmúdù kó wá tọ́ ọ wò. Wọ́n máa ń jà. Gabriel á ní, "Bọ̀dá, àwọn oníbàárà fẹ́ kó pọ̀." Màmúdù á ní, "Wọ́n fẹ́ iyọ̀ náà, ṣé wàá wá fi iyọ̀ ro àmàlà fún wọn ni?" Nígbà míràn Gabriel ló ń jàre. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi ta kú pé ẹ́kò kan burú, pé ògiri rẹ̀ rí págunpàgun. Gabriel ní òun ò tíì tẹ ẹ́kò kankan. Ilẹ̀kùn ni ẹnì kan ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba ohùn náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wọlé. Gabriel rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Màmúdù ní, "Ẹ kúkú lọ tún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín rẹ́." Mi ò tíì gbọ́ kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ọ̀rẹ́ báyìí.

Ọ̀nà kan wà tó ń gbà ṣe é. Kì í parí ìdájọ́ rẹ̀ nínú yàrá tìmùtìmù. Ó ní ohùn tí wọ́n fẹ́ gbọ́ níta, ìta ni kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Á ní kí Gabriel gbé sípíkà sójú fèrèsé, òun á sọ̀ kalẹ̀, á sọdá gọ́tà, á dúró ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, á sì gbọ́ ọ láti ibẹ̀. Àṣà yìí ló kó bá a.

Ààwẹ̀ ni. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, oòrùn ń wọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rí i. Gabriel ti gba ẹ́kò tuntun láti Èkó. Ó fẹ́ ohùn kan ṣoṣo láti fi dán an wò, kó máà sí ìlù, kó máà sí ègbè. Ó ní kí Màmúdù kọ nǹkan.

"Kí ni kí n kọ? Èmi kì í ṣe olórin."

"Ohun tẹ́ ẹ mọ̀."

Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀. Ó dúró nínú yàrá tìmùtìmù, ó pèrun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gabriel gbà á sílẹ̀, ó kó o sínú gbọ̀ngàn tuntun rẹ̀, ó lù ú. Màmúdù dijú, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Gbé e sójú fèrèsé."

Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Mólété bọ̀. Mo bá a níbi tó dúró sí létí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú. "Gbọ́."

Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti òkè. Òun rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ohùn náà fẹ̀, ó rìn lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó ń kú díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ kó kú. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń dán. Ó ní, "Àkíbù, ilé wà níbẹ̀. Èèyàn wà níbẹ̀."

Ó wo òdìkejì. Àlàájà Kúlúsúmù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ti gbé ife omi sẹ́nu. Télọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ti ń jẹ dàbínù. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń ṣí abọ́.

"Ẹ má mu ún! Kò tíì tó! Ẹ má mu ún!"

Ó ń pariwo, ó ń ju ọwọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ohùn tirẹ̀ tó wà lókè ti bo èyí tó wà nílẹ̀. Ó sáré sọdá, ó sáré gòkè. Ìgbà tí ohùn náà fi máa dákẹ́, gbogbo Bẹ́yẹrúnká ti ṣínu.

Ìròyìn tó tàn kálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ tán. Ààwẹ̀ tí èèyàn bá ṣí kí oòrùn tó wọ̀, ó bàjẹ́, wọ́n máa tún un gbà ni. Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà wa.

"Màmúdù, o jẹ ààwẹ̀ wa!"

"Ọ̀rẹ́ onígbàgbọ́ tó ń bá rìn ló fà á!"

Àlàájà Kúlúsúmù kò pariwo. Ó ní, "Omi nìkan kọ́ o. Mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín dé ìdajì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. "Ohùn rẹ ni mo gbọ́, Màmúdù. Ká ní ti ẹlòmíràn ni, ǹ bá tiẹ̀ béèrè."

Ìyẹn ló wọ̀ ọ́ lára.

Lèmọ́mù wa, arúgbó jẹ́jẹ́ kan, pè é síwájú àwọn àgbà mọ́sáláṣí. Ó ní, "O ò parọ́, o ò sì jalè. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ ni aago wa. Aago tó bá lù ṣáájú àkókò, èèyàn á gbé e kalẹ̀ ná. Lọ sinmi."

"Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"A ó ránṣẹ́ sí ọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí ìránṣẹ́ náà. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ láyé nìyẹn, kí wọ́n ní kó tún wá pèrun. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Wọ́n dárí jì í. Àlàájà ní, "Mo ti san ààwẹ̀ náà. Ọjọ́ tí mò ń san án, oòrùn ni mo wò títí omi fi ń bọ́ lójú mi." Ó ní òun á bá Lèmọ́mù sọ̀rọ̀. Bóyá ó bá a sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó wá.

Tí àkókò ìrun bá tó, á fi abẹ́rẹ́ gún fìlà lórí, á dìde. Á wá rántí. Á tún jókòó. Mo máa ń wo ibòmíràn.

Kò lọ sọ́dọ̀ Gabriel mọ́. Gabriel ló wá. Ó mú ọsàn wá, ó jókòó sórí àpótí, ó ń bó ọ̀kan. Nígbà tó yá ó ní, "Bọ̀dá, ohùn yín yẹn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà o. Kí ni kí n ṣe sí i?"

"Pa á rẹ́."

"Bọ̀dá..."

"Gabriel, pa á rẹ́."

Gabriel pa á rẹ́. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn ìsìnkú, ó búra pé òótọ́ ni, pé kò ku nǹkan kan. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mi ò bínú sí i.

Sàláúdéènì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kun mọ́tò ní Oríta-mẹ́rin. Láàárín ìgbà náà, ẹnì kan tó ti Mẹ́kà dé ra ẹ̀rọ fún mọ́sáláṣí, ó ra sípíkà ẹlẹ́nu gbàgàdà mọ́ ọn. Bọ́tìnnì ẹ́kò wà lára ẹ̀rọ náà. Sàláúdéènì yí i dé òpin. Inú wa ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà ìrun. Ọ̀rọ̀ kan kò tíì tán tí èkejì fi ń gùn ún lẹ́yìn. Àwọn arúgbó ò mọ ibi tó pè é dé mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sín in jẹ: "Ọ̀bá-bá-bá-bá!" Lèmọ́mù bá wọn wí, wọn ò gbọ́.

Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ létí kànga, lẹ́yìn ìrun, ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀: "Ẹ dá Màmúdù padà fún wa."

Ayọ̀ kún inú mi. Mo délé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó yín jẹ́jẹ́. Wọ́n ń bọ̀."

Ó ń rán fìlà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó fọ agbádá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sá a.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi sáré dìde. Sàláúdéènì ni.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú. Wọ́n ní ẹ mọ ẹ́kò. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tán. Àfẹ́sọ́nà mi gan-an ń sín mi jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Mo ń fi ojú bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn. Mo mi orí pé rárá. Ó rí mi. Ó mú fìlà rẹ̀, ó dé e.

Ó pẹ́ kó tó padà. Mo gbọ́ wọn láti ilé. Sàláúdéènì á ní "Háló, háló," ohùn náà á kéré sí i, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ó ń bọ̀, láti ìdí ẹ̀rọ dé òdìkejì gọ́tà, láti òdìkejì gọ́tà dé ìdí ẹ̀rọ. Nígbà tó délé, ó bọ́ fìlà, ó jókòó.

Mo ní, "Ṣé ó ti dáa?"

"Ó ti dáa."

"Ẹ ò rí i pé ẹ ti gbé ipò yín fún un pátápátá?"

"Ìrun ni, Àkíbù. Wọ́n ní láti gbọ́ ọ."

Mi ò bá a jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó ráhùn mọ́. Ìrun pípè Sàláúdéènì ń dé Ọjà'ba ketekete. Kò sì sẹ́ni tó dárúkọ Màmúdù létí kànga mọ́.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ ṣe é. Ikọ́ náà wọlé, kò jáde. A lo àgbo, a lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn. Ó ń rù. Mo máa ń lọ sí Mólété láàárọ̀, màá fi omi àti ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá dé, omi náà á wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Kì í béèrè nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń bi mí bóyá ẹnì kan wá. Mo mọ ẹni tó ń retí. Màá ní wọ́n ò tíì wá.

Tiransfọ́mà àdúgbò wa wá jóná. Iná lọ, ẹ̀rọ mọ́sáláṣí dákẹ́. Sàláúdéènì fi ẹnu pè é, ohùn rẹ̀ há. Ó wá gbọ́ òkú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo wà nílé, mi ò lọ sí Mólété torí pé ara ẹ̀gbọ́n mi ò yá rárá. Mo gbọ́ ọ̀pá lórí sìmẹ́ńtì. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ni.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "Màmúdù, ìránṣẹ́ tí mo ní màá rán sí ọ, èmi náà ni mo gbé e wá. Wá pe Àlàsárì fún wa."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn." Ó fọwọ́ tilẹ̀. Mo sáré gbá a lẹ́yìn mú. Ó gbé orókún kan nílẹ̀, èkejì kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó jókòó padà.

"Ẹsẹ̀ ò gbé mi, Bàbá."

Lèmọ́mù wo ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pẹ́."

Kò sẹ́ni tó sọ pé rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àkíbù á pè é."

"Èmi kẹ̀?"

"Ṣé o ò mọ̀ ọ́n ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ wo ni wọ́n bí sí ilé yẹn tí kò mọ̀ ọ́n? Mo ṣe àlùwàlá. Mo dúró níbi tó ń dúró sí, mo pè é. Etí mi ń hó. Bí mo ṣe pè é tán, mi ò mọ̀. A kírun, mo sì padà sílé kíákíá.

Ó ti fẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Báwo ló ṣe rí?"

Ó dijú díẹ̀. "O yára jù. Jẹ́ kí ọ̀kan délé kí o tó rán èkejì."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀gbọ́n."

"Mo gbọ́ ìyẹn náà."

Ó ní kí n fún òun lómi. Ó mu ún, ó pọ̀ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A jókòó pa pọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó kú.

A ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Àwọn tó wá ti lọ. Iná ti dé, Sàláúdéènì ti dé láti Ìsẹ́yìn. Bí mo bá ti Mólété bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá gbọ́ ìrun tó ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, màá sì dúró de ìrù rẹ̀. Ẹ́kò rẹ̀ dáa. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún.